Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ìrora Mọ́: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹsẹ̀ Alátọ̀gbẹ Lójoojúmọ́

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ipasẹ̀ kan, ipasẹ̀ míì, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ìdí àpótí tí ìyá mi jókòó sí, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ni gbogbo wọn. Yèyé ń ṣa ẹ̀wà ní tiwọn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló fara pa nínú ilé yìí?" Àwọn gan-an ló fara pa. Àfọ́kù ìgò kan tí kò ju èékánná ọmọdé lọ ti wọ abẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ wọn, kò sì sí ohun tó ta wọ́n lólobó.

Ilé wa ní Iléṣà ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Àtọ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ti wà lára Yèyé fún ọdún 11 nígbà náà. Oúnjẹ àti oògùn nìkan là ń bá yí. A ò béèrè ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó bá wa sọ ọ́. Ìka ẹsẹ̀ kan la fi ra ọgbọ́n náà. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin tí àtọ̀gbẹ wà lára yín, àti ẹ̀yin ọmọ, ìyàwó àti ọkọ tí ẹ jọ ń gbé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀?

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó máa ń ba àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ jẹ́. Èyí tó gùn jù nínú wọn ló ń kọ́kọ́ fara gbá a, èyí tó sì gùn jù ni èyí tó lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka, tí yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹsẹ̀ á máa jó bí ẹni tó tẹ ata, á máa ṣe bíi kí èèrà máa rìn níbẹ̀, pàápàá lóru. Tó bá yá, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dùn nígbà tó bá dákẹ́, wọ́n á ní àgbo ti ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ̀rù bà yín, torí ó lè jẹ́ pé iṣan tó ń pariwo ló ti kú.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ làágùn á rẹ̀ sílẹ̀, awọ á gbẹ, gìgísẹ̀ á sán. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ á fún pọ̀, oògùn tó yẹ kó dé ojú egbò kò sì ní í débẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣúgà tó pọ̀ tún máa ń sọ ara di ọ̀lẹ lójú kòkòrò àìsàn. Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo: ó ti sán, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ tó, kò sì mọ̀ pé òun ti gbọgbẹ́. Bí egbò tó tó hóró ẹ̀wà ṣe ń wọlé dé egungun nìyẹn.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Iṣẹ́ tí ìrora ń ṣe lẹ́sẹ̀ yín tẹ́lẹ̀, ojú àti ọwọ́ ni yóò máa ṣe é láti ìsinsìnyí lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ bóyá ẹsẹ̀ náà ṣì mọ nǹkan

Àyẹ̀wò kan wà tí àwọn dókítà ìlú Ipswich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, tí kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ lè ṣe é lórí ẹní. Kí ẹni náà na ẹsẹ̀, kó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, kó di ojú. Ẹ fi orí ìka ìlábẹ̀ yín, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, kan orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 1 sí 2. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má rìn ín, ẹ má gbá a. Àtàǹpàkò ọ̀tún lẹ́ẹ máa kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ọmọńdinrín ọ̀tún, kẹ́ ẹ bọ́ sí àtàǹpàkò òsì àti ọmọńdinrín òsì, kẹ́ ẹ wá fi ìka àárín ọ̀tún àti ìka àárín òsì parí rẹ̀. Ìka 6 nìyẹn. Bó bá ti mọ̀ ọ́n lára, kó sọ "ọ̀tún" tàbí "òsì". Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ máa kan ìka kọ̀ọ̀kan. Ẹ má padà sí èyí tí kò mọ̀.

Bí kò bá mọ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 6, ìmọ̀lára ti ń kúrò lẹ́sẹ̀ náà nìyẹn, ẹ lọ sọ fún dókítà. Yèyé mọ 1. Bí mo ṣe ń fọwọ́ kan ìka kẹta, tí mo bọ́ sí ìkẹrin, wọ́n ń sọ fún mi pé, "Ó yá, bẹ̀rẹ̀, mò ń retí rẹ."

Ẹni tó bá mọ gbogbo 6 kò tíì bọ́. Kó ṣì máa ṣe gbogbo ohun tó kù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ máa wo ẹsẹ̀ lálaalẹ́

Nínú gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa lè mú ṣe, ẹ mú èyí. Alẹ́ ló dáa jù, nígbà tí bàtà ti kúrò lẹ́sẹ̀ tí ìrìn ọjọ́ náà ti parí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ti tó. Èmi máa ń jókòó sórí àpótí, màá gbé ẹsẹ̀ Yèyé lé itan mi. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. "Ṣé ẹsẹ̀ mi lo fẹ́ gbé lé itan rẹ? Kí ni mo dà?" Mo ní, ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi kiri ọjà Atákúnmọ́sà kí n tó rí owó ilé ìwé san ni, kí ló burú nínú kó sinmi lórí itan mi? Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì gbé e wá.

Ẹni tó ń dá gbé lè gbé jígí lélẹ̀, kó na àtẹ́lẹsẹ̀ sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ máa ń ba ojú náà jẹ́. Bí ojú yín kò bá ríran bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe tan ara yín, ẹ pe ọmọ aládùúgbò kó bá yín wò ó.

Ẹ máa gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ má bàa fo ibì kankan: orí ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀, kẹ́ ẹ wá la ìka níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo àárín wọn. Àárín ìka kẹrin àti ọmọńdinrín ni mo máa ń pẹ́ sí jù, nítorí pé ibẹ̀ há, nǹkan sì máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ wá ibi tó bó, ibi tó lé ròrò, ibi tó sán, ẹ̀gún, ìwú, èékánná tó ń wọ ẹran, omi tó ń sun, àti òórùn tí kò sí níbẹ̀ lánàá. Ẹ wá awọ tó le gbagidi lójú kan pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí àmì dúdú lábẹ́ irú awọ líle bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè wà níbẹ̀, egbò sì lè ti wà lábẹ́ rẹ̀ tí ojú kò tíì rí.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìlera ní kéèyàn wá ibi tó pọ́n. Lára dúdú bíi tiwa, pípọ́n kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ wá, tàbí ibi tó ń dán, tó sì le. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ran ojú lọ́wọ́: ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibì kan náà lára ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju ìkejì lọ, nǹkan wà níbẹ̀ kódà bí awọ ò bá tíì bẹ́. Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ yí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà síta, kẹ́ ẹ wò ó. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ni mo ń rà fún Yèyé, nítorí pé kì í bo ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òrí pa á

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò ta. Ẹ má fi ẹsẹ̀ dán omi wò láé, ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan kò lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ìgúnpá ni kẹ́ ẹ tì bọ̀ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ ní kí ẹlòmíì bá yín tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá ní tẹmọ́mítà, kó má jẹ́ kó kọjá 37°C. Ẹ má rẹ ẹsẹ̀ sínú omi fún ìgbà pípẹ́, ìṣẹ́jú 2 sí 3 ti tó, nítorí pé rírẹ máa ń mú awọ rọ̀, awọ tó bá sì rọ̀ tètè ń ya. Izal, omi iyọ̀ gbígbóná, àti fífi ewé gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ bíi ti ìyá ọmọ tuntun, kò sí èyí tó yẹ ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ nínú wọn.

Aṣọ ìnura tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi tẹ omi kúrò, ẹ má fi ha á. Ẹ fi etí aṣọ náà gba àárín ìka kọ̀ọ̀kan. Omi tó bá dúró síbẹ̀ ló ń mú kí awọ funfun, kó máa rà, kí kòkòrò sì ríbi wọlé. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ẹsẹ̀ yín ń tutù lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ mú áńkáṣíìfù kan tó jẹ́ ti ẹsẹ̀ nìkan dání lọ sí mọ́ṣáláṣí, kẹ́ ẹ fi nu àárín ìka kẹ́ ẹ tó dìde.

Òrí wa yìí dáa púpọ̀ fún awọ tó gbẹ, Vaseline náà dáa. Ẹ fi pa orí ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí gìgísẹ̀ ń sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má fi sáàárín ìka. Lẹ́yìn náà ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tàbí bàtà kẹ́ ẹ tó tẹ ilẹ̀ onítáìsì, kí òrí má bàa yọ̀ yín ṣubú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: èékánná

Ẹ gé e nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde, tó rọ̀. Ẹ gé e tààrà, ẹ má tẹ̀ lé kọ́nà rẹ̀ wọ inú ẹran, kẹ́ ẹ sì fi fáìlì dán etí rẹ̀. Ẹ má fi bíléèdì bẹ awọ líle, ẹ má sì ra oògùn tí wọ́n ń kàn sí i láti fi jẹ ẹ́ kúrò, torí oògùn náà kò mọ ibi tí awọ líle pin sí. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń bẹ ẹ́.

Àwọn Háúsá tí ń kiri, tí ẹ ń gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí wọn ní kùtùkùtù, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, Yèyé sì ní oníbàárà kan láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi gé ti ẹlòmíì ni wọ́n ń fi gé tiyín, wọ́n sì máa ń gé e wọnú. A bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé àìsàn ló dé. A ra nélíkọ́tà tiwa, kò sì sẹ́ni tó ń yá a nínú ilé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bàtà

Àwa Ìjẹ̀ṣà ni ọmọ Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa fi ẹsẹ̀ rin ìlú dé ìlú, oko dé oko, láti ta aṣọ àwìn, wọ́n á sì lóṣòó dúró títí onígbèsè á fi san án. Ẹsẹ̀ lásán kì í ṣe ìtìjú lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti sọ fún àgbàlagbà pé kó máa wọ bàtà nínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́. Síbẹ̀ ẹ sọ fún wọn. Ilé ni Yèyé wà nígbà tí ìgò náà wọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, ọ̀nà ilé ìdáná sí pálọ̀ ni. Ẹ fi bàtà kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ lóru tí wọ́n bá fẹ́ lọ tọ̀ ni.

Irú bàtà wo? Kì í ṣe sílípáàsì olókùn tó ń gba àárín ìka kọjá, torí okùn yẹn máa ń ha ibẹ̀, ẹ̀gún sì ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ wọlé. Kì í ṣe bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kì í ṣe onígìgísẹ̀ gíga. Bàtà tó bo orí ìka, tó fẹ̀ níwájú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, tí inú rẹ̀ rọ̀, tí okùn tàbí ìdè rẹ̀ ṣeé tú ṣeé so, ló yẹ. Owó rẹ̀ lè má pọ̀. Nínú òkìríkà ni mo ti rí èyí tí Yèyé fẹ́ràn jù.

Ọ̀nà tí mo fi ń ra bàtà láìmú Yèyé lọ́jà rèé. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tílẹ̀ bá ń ṣú, mo ní kí wọ́n dìde dúró lórí páálí. Mo fi pẹ́ńsùlù ya ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yíká, mo gé àwòrán náà, mo kó méjèèjì sínú báàgì. Bí mo bá ti rí bàtà lọ́jà, màá ti páálí náà bọ inú rẹ̀. Bí etí páálí bá ká, bàtà náà há, olówó rẹ̀ ì báà búra pé yóò là. Àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù níwájú ìka tó gùn jù. Ẹ má sọ pé "kò dun wọ́n", ẹsẹ̀ yìí kọ́ lẹ máa bi. Bàtà tuntun, wákàtí 1 péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ bọ́ ọ, kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó wọ bàtà èyíkéyìí, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ẹnu. Ọmọ ayò ni èmi bá nínú ti Yèyé lọ́jọ́ Sunday kan, ọmọ mi ló fi pamọ́ síbẹ̀. Ká ní wọn wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orí rẹ̀ ni wọn ì bá dúró lé láti ìyìn títí dé ọrẹ, wọn ò sì ní í mọ̀. Ẹ fọwọ́ wá orí ìṣó tó ń yọ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ náà, kẹ́ ẹ gbé e fún ṣúmẹ́kà kó gbá a wọlé.

Ibi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà ńkọ́? Mọ́ṣáláṣí, ìjọ aláṣọ funfun, iwájú àgbà. Ẹ lọ bá àlùfáà tàbí wòlíì yín kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún un, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá ẹ lè wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn tó mọ́, tí ẹ kì í wọ̀ jáde. Èmi kò tíì rí èyí tó kọ̀. Lọ́jọ́ ọdún Ọlọ́jọ́ n'Ífẹ̀ tàbí Ìwúdè níbí, bàtà tó bo ẹsẹ̀ dé ọrùn ni, torí ẹni tó bá máa tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ nínú èrò kò ní í mọ̀ pé ẹ̀yin náà ò mọ̀.

Iná àti eku

Ẹsẹ̀ tó ń tutù lóru ọyẹ́ máa ń wu èèyàn láti fi kan iná. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì dípò bẹ́ẹ̀. Ẹ má na ẹsẹ̀ sídìí ààrò, ẹ má gbé ìgò omi gbígbóná tì í, ẹ má fi Aboniki tàbí Robb pa á léraléra nítorí pé ó ń jó. Ilẹ̀ tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ lè bó àtẹ́lẹsẹ̀. Sàláńsà ọ̀kadà náà ń jó àwọn tí kò mọ̀: ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ láti apá òdìkejì sàláńsà, kẹ́ ẹ sì wo ọrùn ẹsẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá délé.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n pé eku ń jẹni, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Lẹ́sẹ̀ alátọ̀gbẹ, kò nílò atẹ́gùn kankan. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn tó sùn tí ìka wọn pé, tí wọ́n jí bá ìka tí eku ti jẹ. Ẹ fọ ẹsẹ̀ kúrò nínú òórùn ọbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ wà ní yàrá, ẹ dí ihò, kẹ́ ẹ sì ki etí àwọ̀n ẹ̀fọn bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yíká.

Bí ẹ bá wá rí egbò

Mo máa sọ ohun tí àwa ṣe kẹ́ ẹ má bàa ṣe é. A yọ ìgò náà, a lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta oògùn ládùúgbò. Ó já kápúsù, ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò, ó ní yóò gbẹ. Ó gbẹ lókè lóòótọ́. Nísàlẹ̀, ó ń rìn. Yèyé ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lórí rẹ̀, torí kò dùn wọ́n. Ọjọ́ kẹsàn-án ni òórùn tó ta sí wa. Ìgbà tí a dé ilé ìwòsàn, ọmọńdinrín náà ti dúdú, wọ́n gé e kí ìyókù ẹsẹ̀ má bàa bá a lọ.

Ohun tó yẹ ká ṣe rèé. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ fi omi tẹ́ ẹ ti sè tó sì ti tutù fọ egbò náà pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀. Ẹ bò ó pẹ̀lú gọ́ọ̀sì tó mọ́, ẹ má lẹ òwú mọ́ ọn, torí fọ́nrán òwú á wọnú rẹ̀. Ẹ má da ìyẹ̀fun kápúsù sí i, ẹ má fi kẹrosíìnì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọṣẹ ìfọyín tàbí ewé gígún sí i. Kí ẹni náà dẹ́kun títẹ ẹsẹ̀ náà. Èyí ló ń ṣòro jù, torí kò rí ìdí tí kò fi ní í rìn, ṣùgbọ́n egbò àtẹ́lẹsẹ̀ kì í jinná nígbà tí wọ́n bá ń rìn lé e lórí. Ẹ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, tàbí lọ́jọ́ kejì, bó ti wù kó kéré mọ. Bó bá jẹ́ pé ìṣó tàbí ìgò ló ṣe é, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ ìdènà ipá, ìyẹn tetanus.

Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ bí ìka bá dúdú, bí egbò bá ń rùn, bí ìwú bá ń gòkè, bí ara bá ń gbóná tàbí ó ń gbọ̀n, bí ó bá ń bì tàbí tí ṣúgà rẹ̀ ròkè tí kò sọ̀. Ẹ gbé e lọ lóru náà. Bákan náà ni ẹsẹ̀ tó kàn ṣàdédé wú, tó gbóná, tí kò sì ní egbò kankan: egungun inú rẹ̀ lè máa fọ́ wẹ́wẹ́ láìmú ìrora wá. Kó má tẹ̀ ẹ́ rárá.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ó ti tẹ nǹkan, pé wọ́n dà á sílẹ̀ dè é. Wọ́n sọ ọ́ fún wa náà, àwọn tó sọ ọ́ sì fẹ́ràn Yèyé. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Mo kàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan kì í mọ ìgbà tí ìgò wọ̀ ọ́, egbò rẹ̀ á sì dà bí ohun tó ti òfurufú bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó máa gbà á nínú ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Ilé ìwòsàn

Ní Iléṣà, Wesley Guild wà. N'Ífẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Obafemi Awolowo, OAUTHC, wà. Abẹ́ àbójútó kan náà ni àwọn méjèèjì. Kódà tí kò bá sí egbò, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Ẹni tí ìmọ̀lára ti ń kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, oṣù 6 sí 12. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tún dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa mọ́ ọn, tàbí tí ìrísí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí, oṣù 3 sí 6. Ẹni tó ti ní egbò rí, tàbí tí wọ́n ti gé ìka rẹ̀, oṣù 1 sí 3.

Wọ́n á fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á fi irin tó ń gbọ̀n kan àtàǹpàkò, wọ́n á wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kìkì lórí ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀. Ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ ṣúgà sí dání. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni wọ́n fẹ́ kó wà láàárín 80 sí 130 mg/dL kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, ṣùgbọ́n dókítà yín ló máa sọ tiyín, torí ti arúgbó lè yàtọ̀. Ẹni tó bá ń fa sìgá, kó mọ̀ pé ó ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ náà pa fúnra rẹ̀.

Èrò máa ń pọ̀ lọ́jọ́ kílíníìkì, dókítà sì lè wo ìwé, kó kọ oògùn, kó má rí ẹsẹ̀. Ẹ má dúró kó ní kẹ́ ẹ bọ́ bàtà. Yèyé ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ wọn, wọ́n á ti tú ìdè bàtà kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀ oníka mẹ́rin náà síwájú, wọ́n á ní, "Dókítà, ẹ bá mi kọ́kọ́ wo eléyìí."